Ọ̀mì pẹ̀lú ẹni tó fi 300 rating jù mí lọ: ṣé bí mo ṣe gbà á yẹn dáa?

Ọmọ Mọ́kọ́lá (7:42 alẹ́)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi nídìí chess. Ìdíje ọlọ́jọ́ mẹ́ta kan ni mo wà, ìpele mẹ́fà, ìṣẹ́jú 60 fún oníkálùkù, ìṣẹ́jú àáyá 30 sì ń kún aago lẹ́yìn gbogbo ìgbésẹ̀. Ìpele kẹrin parí ní ìrọ̀lẹ́ yìí, ọ̀la la máa ta ìkarùn-ún àti ìkẹfà. Rating mi, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn agbára ẹni nídìí chess, jẹ́ 1608. Ti ẹni tí mo bá pàdé lónìí 1914.

Èmi ni mo mú dúdú. Nígbà tó fi máa di ìgbésẹ̀ 38, ayaba, rook àti ẹṣin ti kúrò lórí pátákó pátápátá. Ó ku bíṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, tirẹ̀ ń rìn lórí ilé funfun, tèmi lórí ilé dúdú. Pawn mi mẹ́rin, tirẹ̀ mẹ́ta. Bó ṣe wà nìyí (lẹ́tà a sí h ni òpó ilé láti òsì sí ọ̀tún, nọ́ńbà 1 sí 8 ni ìlà láti ẹ̀gbẹ́ funfun lọ sókè):

Funfun: ọba g2, bíṣọ́ọ̀bù d5, pawn a4, b3, f3.
Dúdú: ọba f6, bíṣọ́ọ̀bù d4, pawn a5, b4, g5, h5.

Èmi ló kàn. Aago mi ku bí ìṣẹ́jú mẹ́fà, tirẹ̀ lé ní ogún. Mo ń ronú lọ́wọ́ ló bá na ọwọ́ sí mi, ó ní ṣé ká gbà á ní ọ̀mì. Mo tún pátákó wò, mo bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Bí mo ṣe jáde báyìí làwọn ọ̀rẹ́ mi bo mí. Wọ́n ní pawn kan ni mo fi jù ú, èmi ló yẹ kó máa bẹ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ ní ó fi rating rẹ̀ dẹ́rù bà mí ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé ọ̀mì ni lóòótọ́? Ṣé ó sì tọ́ kó dá sí mi nígbà tí aago mi ń sáré? Ó ṣeé ṣe kí n tún bá ẹlòmíì tó jù mí lọ pàdé lọ́la, mo fẹ́ mọ bí màá ṣe dúró.

Adájọ́ Ìdí Aago (7:58 alẹ́)

Àbúrò, o kú iṣẹ́. Iṣẹ́ adájọ́ ìdíje ni mo ń ṣe, torí náà ibi òfin ni màá ti mú un.

Ìgbà tí òfin FIDE, àjọ chess àgbáyé, ní kéèyàn fi ọ̀mì lọ alátakò rẹ̀ ni lẹ́yìn tó bá ti gbé ìgbésẹ̀ tirẹ̀ tán, kó tó tẹ aago. Ìwọ ló kàn, aago rẹ ló ń sáré, kò yẹ kó dá ọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n bí kò tilẹ̀ bọ́ sí àsìkò, ọ̀rọ̀ tó sọ ti di ọ̀rọ̀. Kò lè kó o jẹ mọ́. Ó wà nílẹ̀ títí tí o ó fi gbà, tàbí tí o ó fi sọ pé rárá, tàbí tí o ó fi fọwọ́ kan ọmọ ayò kan pẹ̀lú èrò láti gbé e.

Ibi tó ń ká mi lára jù nìyí, torí mo ń rí i nínú gbogbo ìdíje: ọmọdé rí ọwọ́ àgbà tó nà sí i, ó rò pé ìwà àrífín ni kóun má bọ̀ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe àrífín. Ìṣẹ́jú mẹ́fà ló kù fún ọ, o lè fi mẹ́rin nínú rẹ̀ wo pátákó kí ọ̀mì yẹn ṣì wà nílẹ̀ fún ọ. Ẹni tó fi lọ̀ ọ́ ló so ara rẹ̀ mọ́lẹ̀, ìwọ kọ́. Bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń ro ó, yóò fa ọwọ́ náà padà fúnra rẹ̀.

Má sì gbàgbé láti kọ àmì (=) síwájú ìgbésẹ̀ yẹn nínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ. Àwọn méjèèjì ló yẹ kí wọ́n kọ ọ́. Bí alátakò bá wá ń fi ọ̀mì lọ̀ ọ́ ní àlọ̀túnlọ̀, dá aago dúró, kó o pe adájọ́. Òfin kan náà tó ní kéèyàn má ṣe yọ alátakò rẹ̀ lẹ́nu ló ká ìyẹn mọ́. A lè kìlọ̀ fún un, a sì lè fi àsìkò kún tìrẹ.

Kóòṣì Bódìjà (8:15 alẹ́)

Mo tò ó sórí pátákó mi nílé. Ẹ jẹ́ ká wò ó dáadáa, torí nǹkan tó wà níbẹ̀ dùn ún kọ́.

Ẹ wo ọwọ́ òsì ná. Pawn a4 àti b3 ti funfun, orí ilé funfun ni méjèèjì dúró sí. Bíṣọ́ọ̀bù rẹ kò ní tẹ ilé funfun láéláé, kò sóhun tó lè fi wọ́n ṣe. Tìrẹ náà, a5 àti b4, orí dúdú ni wọ́n wà, tirẹ̀ kò lè kàn wọ́n. Ibẹ̀ ti tì pa. Bó o bá gbé ọba rẹ rìn títí dé c3, wàá fara kan b3 lóòótọ́, àmọ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ń ṣọ́ ọ láti òkèèrè. Ó lè máa lọ, kó máa bọ̀ láàárín d5, e6, f7 àti g8, gbogbo ibẹ̀ ló ti ń rí b3.

Ó wá ku ọwọ́ ọ̀tún, níbi tí pawn rẹ méjì ti dojú kọ f3 kan ṣoṣo. Ká ní o gbé h lọ sí h4, kó o tó wá ti g4 sí i. Á fi f jẹ ẹ́, pawn h nìkan ló kù fún ọ lápá ibẹ̀. Ibi tí pawn h ti máa di ayaba ni h1, ilé funfun sì ni h1. Bíṣọ́ọ̀bù tó ń rìn lórí dúdú kò lè lé ọba kúrò níbẹ̀. Ọba rẹ̀ kàn máa wọ igun yẹn ni, á jókòó sí i. Ká tún ní o kò gbé h kúrò ní h5, o ti g4 sí i báyìí: á jẹ ẹ́, wàá fi h jẹ padà, pawn g ló kù. Ọba rẹ̀ á dúró ní g2. Ilé funfun nìyẹn náà.

Ọ̀mì ni. Ẹni 1914 yẹn mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tó fi na ọwọ́. Kò rẹ́ ọ jẹ.

Ẹṣin Orí f3 (8:31 alẹ́)

Kóòṣì, ẹ ṣeun sà, kò síbi tí mo fẹ́ ta ko ohun tí ẹ là sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa: nínú àwọn méjèèjì, ta ló lè ṣubú níbẹ̀? Ẹnì kan ṣoṣo ni, funfun ni. Ká ní ọba dúdú ti dé c3, tí ẹni yẹn bá gbé bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kúrò lórí ìlà yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, tó ní kóun fi halẹ̀ mọ́ nǹkan níbòmíì, b3 lọ nìyẹn, a4 á sì tẹ̀ lé e. Eré parí.

Èmi kò ní gbà á o. Àáyá 30 ń wọlé lórí gbogbo ìgbésẹ̀, ìṣẹ́jú mẹ́fà kì í ṣe wàhálà nínú ipò tí kò sí ewu. Ẹ jẹ́ kó fi ìgbésẹ̀ ogún fi hàn pé òun mọ̀ ọ́n. Bí ẹni 1914 bá ní pawn kan lé lórí ẹni 1608, ṣé ẹ rò pé òun máa fi ọ̀mì lọ ọ́? Á fi dá a jókòó di alẹ́.

Kóòṣì Bódìjà (8:44 alẹ́)

Òótọ́ lo sọ níbẹ̀, mi ò ní jiyàn. Ìyàtọ̀ wà láàárín ipò tó jẹ́ ọ̀mì àti eré tó yẹ kó parí. Mo fẹ́ fi ìkìlọ̀ kan kún un ṣá, fún ẹni tó bá fẹ́ bá a lọ. Kó o tó gbé ọba rẹ rin ìrìn àjò lọ sí c3, ṣètò ilé rẹ sílẹ̀. Bí ọba bá ti kúrò ní f6, bíṣọ́ọ̀bù funfun á lọ sí f7, á máa halẹ̀ mọ́ h5, á sì tún máa ṣọ́ b3 lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, kọ́kọ́ fi h sí h4 níbi tí kò ti lè kàn án, kó o sì wá àyè fún bíṣọ́ọ̀bù tìrẹ ní f6 kó máa ṣọ́ g5. Lẹ́yìn ìyẹn ni kó o tó máa lọ. Bó o bá dé c3 tó ṣì ń ṣọ́ ìlà náà dáadáa, ìwọ fúnra rẹ fi ọ̀mì lọ̀ ọ́. O ò pàdánù nǹkan kan.

Ọmọ Mọ́kọ́lá, ohun tí mo fẹ́ kó o mú níbẹ̀ nìyí: ìbéèrè tó yẹ kó o bi ara rẹ nígbà tó na ọwọ́ ni pé "ta ni ewu wà fún?" Ọ̀rọ̀ rating kò sí nínú ìyẹn rárá.

Olùṣirò (8:52 alẹ́)

Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe ti iye rẹ̀, torí mo rí i pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ ọ́ bí ẹni pé o sọ nǹkan nù.

1914 yọ 1608, ó ku 306. Nínú àtẹ FIDE, ẹni tó ga nínú ìyàtọ̀ yẹn, 0.86 ni wọ́n ń retí lọ́wọ́ rẹ̀ nínú eré kan. Ìwọ, 0.14. Ká sọ ọ́ lọ́nà míì: bí ẹ bá ta 100 eré, àmì 14 ni gbogbo èyí tí wọ́n rò pé o máa rí. O fi ọ̀mì mú 0.5, ìdajì àmì kan tí ẹni tó borí ń gbà. Yọ 0.14 kúrò, ó ku 0.36. Bí K rẹ, ìyẹn nọ́ńbà tí wọ́n fi ń sọ ìyàtọ̀ yẹn di pupọ̀ láti rí èrè rating, bá jẹ́ 20, o jèrè 7.2. Bó bá jẹ́ 40, ìyẹn bí o kò bá tíì ta 30 eré tó ní rating, tàbí bí ọdún tí o pé ọmọ ọdún 18 kò bá tíì parí, tí rating rẹ kò sì tíì dé 2300, 14.4 ni. Alátakò rẹ, bí K tirẹ̀ bá jẹ́ 20, ó pàdánù 7.2.

Ètò yìí, Arpad Elo ló gbé e kalẹ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n físíìsì tí wọ́n bí ní Họ́ńgárì tó wá ń gbé ní Amẹ́ríkà. FIDE gbà á wọlé ní 1970. Ohun tó dáa níbẹ̀ ni pé kò ka ọ̀mì sí nǹkan kan náà fún àwọn méjèèjì. Ìdajì àmì kan náà ni ẹ jọ kọ sílẹ̀, àmọ́ ìwọ gòkè, òun sọ̀kalẹ̀.

Ẹ rántí pẹ̀lú pé láti oṣù kẹta 2024 ni FIDE ti tún ìsàlẹ̀ àtẹ ṣe. Wọ́n gbé rating àwọn tí kò tó 2000 sókè, wọ́n sì fi 1400 ṣe ìsàlẹ̀ pátápátá. Torí náà, bí ẹ bá ń wo rating ẹnì kan láti 2023, ẹ má fi wé ti òní.

Ọ̀gá Sùúrùlérè (9:10 alẹ́)

Apá kejì tábìlì yẹn ni èmi sábà máa ń wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń lọ níbẹ̀.

Bí mo bá jókòó níwájú ẹni tí mo fi 300 jù, gbogbo gbọ̀ngàn ti kọ àmì kan sílẹ̀ fún mi kí n tó gbé ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹrù nìyẹn. Nítorí náà ni ọ̀pọ̀ wa ṣe ń fi agbára wá rúgúdù, tí a ń kọ ọ̀nà tó dáa sílẹ̀ torí pé ọ̀nà yẹn lè já sí ọ̀mì, tí a sì ń fi ara wa bọ́ sínú kòtò. Ìmọ̀ràn mi fún ẹni tó ga: bí ipò bá ti dọ́gba, ta ipò tó dọ́gba. Ọ̀mì ìpele kan kò pa ìdíje. Ní Doha, oṣù Kejìlá 2015, níbi Qatar Masters, ìpele àkọ́kọ́ gan-an ni Nino Batsiashvili láti Jọ́jíà ti ta ọ̀mì pẹ̀lú Magnus Carlsen. Obìnrin náà ní 2498, Carlsen ní 2834, òun sì ni olúborí àgbáyé nígbà náà. Ìyàtọ̀ 336! Carlsen kò bínú fọ́ pátákó. Ó parí pẹ̀lú àmì 7 nínú 9, òun àti Yu Yangyi ti Ṣáínà jọ wà lókè, ó sì borí nínú eré kíákíá tí wọ́n fi yanjú rẹ̀.

Fún ẹni tó kéré: ẹ má ṣe rò pé bí ẹ bá ti pààrọ̀ gbogbo ọmọ ayò, ọ̀mì ti dé. Mo ń rí i nígbà gbogbo. Ọmọ 1500 á kàn máa jẹ, á máa jẹ, ó ń sáré lọ sí ìparí eré, ibẹ̀ gan-an sì ni mo fi jù ú lọ jù. Ní ìparí eré, kò síbi tó lè sá sí. Ẹni tó ń dà mí láàmú ni ẹni tó ń pààrọ̀ kìkì nígbà tí pàṣípààrọ̀ yẹn bá sọ nǹkan kan di rere fún un. Ọmọ Mọ́kọ́lá, bó o ṣe dé orí bíṣọ́ọ̀bù tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ síra yẹn, pẹ̀lú pawn kan lé, o ti ta eré tó dáa kó o tó débẹ̀. Lọ bá ọkùnrin yẹn lọ́la, kẹ́ ẹ jọ yẹ eré náà wò. Àwa tá a ga díẹ̀, a fẹ́ràn ẹni tó bá wá bi wá. Á fi ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù hàn ọ́, ìyẹn gan-an lo máa kọ́ jù.

Àǹtí Ìjẹ̀bú (9:26 alẹ́)

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ọ̀rọ̀ tó wà lọ́kàn tèmi ni ti ẹni tó kéré tó ń fi ọ̀mì lọni. Ẹ dákun, ẹ jáwọ́. Bí ipò rẹ bá burú, kò ní gbà á. Bó bá dọ́gba, o ti sọ fún un pé ẹ̀rù ń bà ọ́, á wá jókòó dáadáa. Bó bá sì dáa fún ọ, kí lo ń bẹ̀ ẹ́ fún?

Ọmọ ọdún 13 ni Carlsen nígbà tó bá Garry Kasparov pàdé ní Reykjavik, oṣù kẹta 2004, eré kíákíá ni. Kasparov ló wà lókè gbogbo àgbáyé nígbà náà. Eré àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀mì, Kasparov sì mú èkejì. Ohun tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ mi ni pé ọmọ yẹn kò wá ọ̀mì wá síbẹ̀. Ó tẹ Kasparov mọ́lẹ̀ ní àárín eré, àgbà ló ń wá ọ̀nà àbáyọ. Àwa náà ní tiwa: Oluwafemi Balogun, ọmọ Nàìjíríà, jókòó níwájú Carlsen ní World Cup ní Tbilisi ní 2017. Carlsen mú eré méjèèjì. Ìyàtọ̀ wọn lé ní 500, ọ̀mì ṣọ̀wọ́n gan-an ní irú ibẹ̀. Síbẹ̀, ẹ lọ wá àwọn eré náà kẹ́ ẹ tò ó sórí pátákó, kẹ́ ẹ wo bí èèyàn wa ṣe ta ayò níwájú ẹni tó dára jù láyé.

Ìyá Ọmọ Mẹ́ta (9:33 alẹ́)

Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ já sí i díẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni. Ẹnikẹ́ni tó bá ti sọ fún un pé "ọ̀mì?" pẹ̀rẹ́, ó ti gbà, kódà bí ayaba bá fi lé lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni kí n ṣe?

Àǹtí Ìjẹ̀bú (9:38 alẹ́)

Ìyá wa, ẹ sọ fún un pé títí tó fi máa pé ọdún mọ́kànlá, kò sí ọ̀mì àdéhùn nínú ilé yín. Kó máa dáhùn pé "ẹ ṣeun, mo fẹ́ máa ta lọ," pẹ̀lú ẹ̀rín. Bó bá já sí ọ̀mì fúnra rẹ̀ lórí pátákó, kò burú. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fún gbogbo tèmi. Ọdún kan náà ni ìparí eré wọn fi gbéra sọ.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (9:50 alẹ́)

Ẹ ṣeun gan-an, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Kóòṣì, ti igun h1 yẹn wọ̀ mí lára, mi ò ronú kàn án rárá. Ohun tí mo rí nígbà yẹn ni pé bíṣọ́ọ̀bù wa kò ní pàdé.

Wọ́n ti lẹ orúkọ ìpele karùn-ún. Ẹni 1875 ni, èmi ni mo mú funfun. Ṣé kí n ta bí ẹni tó fẹ́ ọ̀mì ni? Kí sì ni kí n kà lálẹ́ yìí tó máa wúlò?

Kóòṣì Bódìjà (10:04 alẹ́)

Má ta bí ẹni tó fẹ́ ọ̀mì. Funfun ló wà lọ́wọ́ rẹ, ta ìbẹ̀rẹ̀ tó o mọ̀ tẹ́lẹ̀. Má ka ìbẹ̀rẹ̀ tuntun lálẹ́ yìí, kò ní dúró lọ́kàn rẹ. Bó o bá fẹ́ ka nǹkan kan, ipò ìparí eré kan ṣoṣo ni kó o kà, torí ó wọ́pọ̀ jù, òun ló sì ń gba àwọn ẹni kékeré là lọ́wọ́ àwọn ńlá.

Philidor ni wọ́n ń pè é, orúkọ ará Faransé kan tó gbé ayé láti 1726 sí 1795, olórin sì tún ni. Ìwọ ní ọba àti rook, òun ní ọba, rook àti pawn kan. Ká ní ìwọ ni dúdú: ọba rẹ ní e8, rook rẹ ní b6. Òun, ọba d5, pawn e5, rook rẹ̀ ní h7. Tò ó sórí pátákó, fọwọ́ ara rẹ gbé e.

Gbogbo iṣẹ́ rook rẹ ni pé kó dúró lórí ìlà kẹfà yẹn, kó máa rìn láti b6 sí a6, láti a6 sí b6. Kò jẹ́ kí ọba rẹ̀ gun ìlà yẹn. Má lọ check ẹnikẹ́ni (ìyẹn kó o halẹ̀ mọ́ ọba rẹ̀), má ṣe nǹkan míì. Ọ̀nà kan ṣoṣo tó fi lè lọ síwájú ni kó ti pawn náà sí e6. Ìṣẹ́jú yẹn gan-an ni kí rook rẹ sáré sọ̀kalẹ̀ lọ sí b1. Ìdí rẹ̀ ni pé pawn náà ti gba ilé e6, ọba rẹ̀ kò ní ibòji mọ́. Wàá máa check ọba rẹ̀ láti ẹ̀yìn, d1, e1, f1, kò ní rí ibi fara pa mọ́ sí. Ẹni tó bá sáré sọ̀kalẹ̀ kí pawn tó dé e6, ó ti gbé ilé rẹ̀ fún un. Ẹni tó bá sì dúró lórí ìlà kẹfà lẹ́yìn tí pawn ti dé e6, òun náà ti pẹ́ jù. Fi àbúrò rẹ tàbí ọ̀rẹ́ rẹ ṣe funfun, kó gbìyànjú láti borí rẹ. Bó bá ti yé ọ dáadáa, sùn.

Ẹṣin Orí f3 (10:11 alẹ́)

Mo fi ọwọ́ sí ìyẹn. Kí n tún fi kún un: wo aago rẹ. Pẹ̀lú ìṣẹ́jú 60, ẹni tó bá lo 40 lórí ìgbésẹ̀ 15 àkọ́kọ́ kò ní àsìkò láti ro Philidor kankan. Lónìí o dé ìgbésẹ̀ 38 pẹ̀lú mẹ́fà, òun pẹ̀lú ogún. Ibẹ̀ ló ti jù ọ́ lọ jù.

Adájọ́ Ìdí Aago (10:20 alẹ́)

Kó o tó lọ sùn, ohun kan nípa ọ̀mì tí kì í ṣe ti àdéhùn. Bí ipò kan náà bá fẹ́ wáyé lẹ́ẹ̀kẹta, o lè béèrè ọ̀mì lọ́wọ́ adájọ́. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé ìgbésẹ̀ tìrẹ ló máa mú un wáyé, MÁ GBÉ E SÓRÍ PÁTÁKÓ. Kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀, dá aago dúró, pè mí. Àwọn tó ti gbé e, tí wọ́n tẹ aago kí wọ́n tó pè mí, ẹ̀tọ́ ìgbésẹ̀ yẹn ti bọ́ lọ́wọ́ wọn. Bí ohun tó o béèrè kò bá rí bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú méjì la máa fi kún aago alátakò rẹ, o ó sì gbé ìgbésẹ̀ tó o kọ yẹn.

Bákan náà ni ti 50 ìgbésẹ̀ láìgbé pawn, láìjẹ ọmọ ayò kankan. Ìwọ lo máa béèrè. Ẹ̀ẹ̀karùn-ún ipò kan náà àti 75 ìgbésẹ̀ nìkan ni adájọ́ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá eré dúró fún. Gbogbo èyí sì dúró lórí ìwé àkọsílẹ̀ rẹ. Níwọ̀n ìgbà tí àáyá 30 bá ti ń wọlé, kíkọ kò dópin, kódà bó ku ìṣẹ́jú kan. Kọ ọ́ kó ṣeé kà.

Ọmọ Mọ́kọ́lá (10:31 alẹ́)

Mo ti gbọ́, sà. Mo ti to Philidor sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi ló ń ṣe funfun. Ó ti borí mi lẹ́ẹ̀kan torí mo tètè sọ̀kalẹ̀, a tún ń ṣe é. Olùṣirò, ìbéèrè kan ló kù: ìgbà wo ni 7.2 yẹn máa hàn?

Olùṣirò (10:37 alẹ́)

Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù ni FIDE máa ń gbé àtẹ tuntun jáde, lóṣooṣù. Bí àwọn tó ṣètò ìdíje bá tètè fi èsì ránṣẹ́, wàá rí i nínú ti oṣù tó ń bọ̀. Bí wọ́n bá pẹ́, ó di ti oṣù tó tẹ̀ lé e. Kì í sì í ṣe 7.2 yẹn nìkan lo máa rí: eré mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni wọ́n máa ṣírò pọ̀, yàtọ̀ sí èyí tó o bá ta pẹ̀lú ẹni tí kò ní rating. Fi orúkọ àti rating gbogbo alátakò rẹ ránṣẹ́ sí mi bẹ́ ẹ bá parí lọ́la, màá bá ọ ṣe é kí tiwọn tó jáde.